Pèrègún Orí Kòtò Wúrà

Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá tán, gbogbo ẹni tó ti ń sápamọ́ tẹ́lẹ̀ ló lọ dá agbádá. Èyí tó bí mi nínú jù nínú wọn ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ìlú wa wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nínú àfonífojì kan tí òkè yí ká, ṣùgbọ́n Bàrígà la ti ń ṣèpàdé, nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ladi-Lak, ní ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn àgbàlagbà á fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọn á sì máa pe ara wọn ní olóyè. Ṣíọ̀!

Kí alágbádá tó dé, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba wúrà nínú ìpàdé yẹn. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú là ń sọ, àti ọ̀rọ̀ ta ló bú ta ni. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ìjọba tuntun fẹ́ máa fún àwọn èèyàn níwèé àṣẹ láti wa kùsà. Kíá, gbogbo wọn di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ń ṣàlàyé bí wúrà ṣe ń sùn lábẹ́ òkúta. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó wa wúrà níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa ló sì bá wọn gbẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ju ìyẹn lọ, ẹ ó rí i tí wọ́n á máa wo àjà.

Alága wá ní àfi kí ẹgbẹ́ ṣe ìwé, ìwé ìtàn àfonífojì wa, òkè rẹ̀, odò rẹ̀ àti wúrà rẹ̀. Ó ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn; ó ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń pa á nílé òkú. Wọ́n yíjú sí mi, torí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ níṣẹ́ ìtàn ní girama, mo sì máa ń bá àwọn atẹ̀wé ní Bájúláyé tún ìwé ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. “Tíṣà, iṣẹ́ yín nìyí,” ni alága wí. “Ẹ kàn wádìí díẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ kó dùn.” Ẹ gbà mí! Kí n wádìí díẹ̀, bí ẹni ní kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sọ́bẹ̀.

Ǹ bá kọ̀, màmá mi ló ní kí n má kọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ní àdúgbò Pedro ní Bàrígà, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú ju abẹ lọ. Kòtò wúrà ló pa bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ gbé oyún rẹ̀ wá sí Èkó, kò sì padà sílé mọ́. Bàrígà ni màmá mi dàgbà sí, ibẹ̀ ló di ìyàwó, ibẹ̀ ló di opó. Kò fojú kan ibi tí bàbá rẹ̀ wọlẹ̀ sí rí.

Àṣà kan sì wà nílùú wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tí kòtò kùsà bá ya lù, wọn kì í hú u jáde. Wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu kòtò náà, wọ́n á gbin pèrègún sórí rẹ̀, torí pèrègún kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò ní ṣe òkú ẹni náà títí ọ̀kan nínú ìran rẹ̀ á fi dúró níwájú àwọn àgbà ìlú, kó ní, “Èmi ni mo ni pèrègún yìí.” Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe òkú náà, òun ni yóò sì jogún ilẹ̀ oko olóògbé. Màmá mi ò tíì sọ ọ́. Ó ní, “Tí mo bá kú báyìí, tí bàbá mi bi mí pé ibo ni mo wà látọjọ́ yìí, kí ni kí n wí?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Alága kọ́ ni mo ṣe é fún.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí. Mo jẹ eruku yó. Àwọn òyìnbó tó wa wúrà yẹn kọ̀wé púpọ̀. Wọ́n kọ nípa ẹ̀rọ tó bàjẹ́, nípa òjò, nípa ibà tó ń ṣe ìyàwó wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ fi odindi ojú ìwé ṣọ̀fọ̀ ajá rẹ̀. Ajá yẹn lórúkọ o! Àwọn tí ilẹ̀ ya lù, “òṣìṣẹ́” lásán ni wọ́n pè wọ́n. Mo pa ìwé dé, mo pòṣé débi pé ẹni tó ń ṣọ́ wa gbójú sókè. Àwọn tiwa ní Ladi-Lak ò kúkú sàn jù wọ́n lọ, agbádá ni wọ́n fi jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo mú màmá mi lọ sílé. Ìyekan rẹ̀ kan, obìnrin arúgbó bíi tiẹ̀, ló mú wa wọ inú àfonífojì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Odò tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ ló ń gbà. Wọ́n yí i kúrò kí wọ́n lè rí wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ̀. Àwọn òkìtì tí koríko kò hù lé dáadáa, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ tán tí wọ́n dà nù ni. Omi ti kún inú àwọn kòtò tó ṣófo, àwọn ọmọ ń fi ìwọ̀ wá ẹja nínú wọn. Àwọn kòtò tí kò ṣófo, pèrègún ló wà lórí wọn, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, kò tò lẹ́sẹẹsẹ.

Lẹ́bàá odò, ìyekan wa nawọ́ sí pèrègún méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ó sọ fún màmá mi pé, “Bàbá rẹ nìyí. Èkejì yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ kan náà ni ilẹ̀ gbé àwọn méjèèjì mì.” Ta ni ọ̀rẹ́ yìí? Bàbá tó bí bàbá alága wa gan-an ni! Bàbá alága ti sá wá sí Èkó tipẹ́, ó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé oníṣòwò ńlá ni bàbá òun, pé orí ibùsùn ló kú sí ní Kánò. Ìyekan wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tú gèlè, ó kúnlẹ̀ sínú òkúta wẹ́wẹ́. “Bàbá,” ló wí, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni oyún ọjọ́sí.” Mo kọjú sí òkè, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí a padà dé Èkó, mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ bàbá ńlá alága yìí sínú ìwé gbàgàdà, kí ojú lè tì í. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní a kì í fi òkú èèyàn bú u ní gbangba, pé òun fúnra òun á pe ọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀. A bá lọ sílé rẹ̀. Ó fi wá jókòó sí káà láàárín àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ó ń gbé tiẹ̀ kọjá níwájú wa bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń pariwo sí i. Nígbà tó yá, ó ní, “Màámi, ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nípàdé.” Ó wọlé lọ.

Ó dìpàdé. Mo ka ohun tí mo rí: odò tí wọ́n yí, òkìtì, kòtò, àti àwọn tó wà lábẹ́ pèrègún. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Alága ò jẹ́ kí n parí. “Òkú kẹ̀? Tíṣà, ta ni kò mọ̀ pé pèrègún la fi ń pa ààlà ilẹ̀?” Ó tẹ́ máàpù kan sílẹ̀. Ó ti fa ìlà láti pèrègún dé pèrègún, ó ní gbogbo ohun tó wà láàárín jẹ́ ilẹ̀ baba ńlá òun. Lóòótọ́, pèrègún la fi ń pààlà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò bá rí ìlà yẹn! Ààlà wo ló ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé? Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn ọ̀dẹ̀, torí ó ti ṣèlérí pé gbogbo wọn ló máa jẹ níbẹ̀.

Màmá mi dìde. “Alága, ọmọ mi, tó bá wá jẹ́ pé òkú ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí tìrẹ nínú wọn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màámi, ìran wa kì í ṣe ìran agbẹ́lẹ̀. Kò sí tèmi níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òkú níbẹ̀, kó yáa lọ kó o kí katapílà tó dé.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú gbangba, mà.”

“Ó dáa. Gbogbo yín gbọ́ o,” ni màmá mi wí, ó sì jókòó.

Wọ́n gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó kọ ọ́. Ìwé aláwọ̀ mèremère ni, àwòrán alága sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju àwòrán òkè lọ. Ní àkókò tí wọ́n ń jó níbi ìkójáde rẹ̀, èmi àti màmá mi wà nílé lọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú. Ó ní òun lòun ni pèrègún méjèèjì. Wọ́n bi í pé báwo ni èkejì ṣe di tiẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ín ti sọ lójú ẹgbẹ́ pé kì í ṣe tòun, òkú tí ìran rẹ̀ bá sì ti kọ̀, ẹni tó bá gbà á ṣe ló ni ín. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ tí a mú dání, tí wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ dáadáa nípàdé yẹn, jẹ́rìí sí i. Ojú ò tì wọ́n. Màmá mi pa ewúrẹ́ fún bàbá rẹ̀, ó pa òmíràn fún ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ó pe oríkì àwọn méjèèjì bí ìyekan wa ṣe kọ́ ọ. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ilẹ̀ etí odò bá di tiẹ̀, pẹ̀lú àwọn pèrègún tó wà níbẹ̀, katapílà kankan ò sì lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Alága ò mọ nǹkan kan títí tó fi mú àwọn awọnlẹ̀ lọ sílé. Àwọn àgbà bi í pé pèrègún wo ni tiẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó sọ fún un pé bàbá ńlá rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ nù, tí màmá mi sì ti gbà á.

Ọ̀sán gangan ló wọ ilé wa ní Pedro, kò wọ agbádá. Bí ó ti dọ̀bálẹ̀, inú mi dùn, n ò ní purọ́. Mo ti ń to èébú jọ sẹ́nu. Ó ní, “Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ dá bàbá ńlá mi padà fún mi.”

“N kò jí i gbé,” ni màmá mi fèsì. “Àmọ́ tó o bá fẹ́ ẹ, kò sí wàhálà. Pè é. Kí ni oríkì rẹ̀?”

Ó wò mí, bíi pé mo lè kọ́ ọ lẹ́nu. Mo wo ibòmíràn. Ó ní, “N kò mọ̀ ọ́n, mà. Bàbá mi ò sọ fún wa.”

Màmá mi sọ oríkì náà fún un. Ọkùnrin yẹn tọwọ́ bàpò, ó ń wá báírò.

“Fi báírò sílẹ̀! Pè é kó gbọ́!”

Ó pè é. Ó tún un pè.

“Ta ló ń pè mí?” ni màmá mi fi dá a lóhùn, bí òkú náà ì bá ṣe béèrè.

Alága fi iwájú orí kan ilẹ̀ pálọ̀ wa. “Èmi ni, bàbá,” ló wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Èmi tí mo ní ẹ kì í ṣe tèmi.”