Ohun Tí Yóò Mọ̀ Pé Ibẹ̀ Ti Ṣókùnkùn

Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn basement, yàrá abẹ́ ilé wa, ní àdúgbò Copperfield lókè òkun. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ sì ni yàrá wọn wà. Ojú wọn ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo bá ra iná tó máa ń tàn bí èèyàn bá ń kọjá. Àmọ́ wọ́n máa ń sinmi láàárín àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ti dúró, iná á kú mọ́ wọn lórí. Inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ gbé; irin àtẹ̀gùn ni wọ́n rọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ níbi iṣẹ́ mọ́. Mo ń pè wọ́n ṣáá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ o."

"Ṣé kí n má lọ bá bẹ́ẹ̀dì mi mọ́ ni?"

Mo pinnu láti fọwọ́ ara mi so iná tí kò ní kú níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn. Sensor méjì, ohun kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ló wà níwájú mi. Photodiode máa ń mọ ìmọ́lẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kéré, ó fẹ́ ohun mìíràn tí yóò sọ ọ́ di púpọ̀. LDR tó jẹ́ èkejì rọrùn láti so, àmọ́ ó máa ń lọ́ra díẹ̀. Bó bá wá lọ́ra jù ńkọ́? Mo rò ó títí. Ilẹ̀ kì í kúkú ṣú lójijì. Mo mú LDR.

Mo so ó tán, mo fọwọ́ bò ó lójú, iná tàn. Mo gbé e kọ́ ara ògiri, ló bá ń tàn, tó ń kú. Àṣé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà ni LDR ń rí, tó ń rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, mo fi páálí dúdú dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má rí gílóòbù mọ́. Iná náà ò tàn kó tún kú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo pè wọ́n láti ibi iṣẹ́.

"Màámi, ṣé ó tàn?"

"Ó ti tàn kí n tó dé ibẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń sinmi. Kò tíì kú."

"Ẹ ṣáà di irin mú o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo di fóònù mọ́ etí títí mo fi gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá wọn.