Ọ̀dà Funfun Lórí Bóòtù Sítíárìn

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé mi ní Baruwa, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, nígbà tí Kọ́lá, ọmọ ilé kejì, ń wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde nínú ọgbà. Bó ṣe ń yí sítíárìn ni nǹkan ń dún lábẹ́ rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kò dún sókè rárá, orin rédíò lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé ife kalẹ̀, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí bàbá Kọ́lá ò tíì mọ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ẹ lè má gbà mí gbọ́ tí mo bá ní oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tó máa ń pa irun èèyàn láró. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ayé ń sáré. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹni tó lọ́kọ̀ fẹ́ ra tuntun, ilé búlọ́ọ̀kù ń yọrí láàárín ẹ̀gẹ́. Èmi náà ń sáré, n kò kàn mọ ibi tí mò ń lọ ni.

Ọmọ ogún ọdún ni wá nígbà náà, èmi àti Ràfíù ọ̀rẹ́ mi. Agbo ilé kan ni wọ́n bí wa sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé kéwú kan la lọ, ìwé mẹ́fà la jọ kà tá a jọ fi sílẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló gbé wa wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ igi máńgòrò Ọ̀gá Ìbàdàn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ràfíù kì í kánjú. Tó bá ń jẹ ẹja, ìgbà tó bá jẹun tán lẹ máa rí egungun tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bí eyín. Èmi á ti jẹ tèmi tán, màá ti máa wo tiẹ̀.

Òfin kan wà lábẹ́ máńgòrò yẹn. Ẹni tó bá de bóòtù kan le tán á ti ìka bọ ọ̀dà funfun, á fi kan orí bóòtù náà. Bóòtù tó bá ti ní ọ̀dà lórí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sípánà dán an wò mọ́. Tó o bá dán an wò, o ti pe ẹni tó dè é ní onírọ́ nìyẹn, ìjà dé. A fẹ́ràn òfin náà. Ó jẹ́ ká rí ara wa bí àgbàlagbà.

Ọkọ̀ kan wá dé, ti Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé: ọkọ̀ eré kékeré, àgbà ọkọ̀, onílẹ̀kùn méjì, aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní ká máa rin ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà, nítorí náà ẹni tó ń wà á kì í rí iwájú tó bá fẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀. Ẹni tó jókòó lápá òsì ló máa yọrí wò, táá ní, “Ó yá, kọjá!”

Oríkèé tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ ìsàlẹ̀ ló kán. A wá irú rẹ̀ títí, a ò rí. Ọ̀gá tú ọ̀kan lára ọkọ̀ àlòkù mìíràn, Ràfíù sì fi fáìlì họ ọ́ fún ọjọ́ méjì kó lè bá ọ̀pá mu. Ó wá ku bóòtù kan ṣoṣo. Wọ́n gbẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára ọ̀pá náà. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá wọlé dáadáa títí bóòtù á fi gba ojú yẹn kọjá. Bí kò bá gba ibẹ̀, bóòtù á ṣì le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di ọ̀pá mú.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Ọ̀gá ti lọ kírun. Èmi ni mo dojú délẹ̀ lábẹ́ sítíárìn, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Sìkírá tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìyànà Ìpájà máa ń tètè ṣíwọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì fẹ́ kó rí mi nínú ọkọ̀ aláṣọ-lórí kó tó lọ. Mo de bóòtù náà. Ó le. Nǹkan kan nínú mi ní ọ̀pá náà ò wọlé tó. Mo fi ọ̀dà kàn án.

Ràfíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ṣé ó wọ ojú ẹ̀?”

“Ojú rẹ ni kò wọ! Ṣé o ò rí ọ̀dà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí táyà tó ń fi ọ̀dà funfun kùn. Èmi fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, nítorí Sìkírá.

Ràfíù ló wà á. A ò dé Ìyànà Ìpájà. Ní kọ́nà kan, ó yí sítíárìn, nǹkan dún lábẹ́ rẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, ọkọ̀ ò sì bá a yí. Ó yí i bí ẹni yí ọmọrí ìkòkò. “Kò gbọ́! Kò gbọ́!” ló ń pariwo, a sì já wọ inú oko, ebè ẹ̀gẹ́ ló gbà wá dúró. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ níwájú orí mi. Ọwọ́ òsì Ràfíù ti kán.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú tẹ́súbáà lọ́wọ́. Ó wo abẹ́ sítíárìn, ó wò wá.

“Ta ló kun bóòtù yìí?”

Ó mú ọwọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò: ó mọ́. Ó mú ọwọ́ Ràfíù tó dára: ọ̀dà táyà funfun wà ní ìka.

“Ìwọ! Ìwọ tí mo fọkàn tán jù! Kúrò níwájú mi, o ò ní gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi láéláé.”

Ràfíù wò mí. Kò bínú. Ó ń dúró dè mí ni, bó ṣe máa ń dúró dè mí láti kékeré. Mo wolẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè jókòó, n kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹrin mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ òtítọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ sí ọ̀nà. “Lọ wá a wá,” ló ní. Mo wá a dé Ìkòtún, mo wá a dé Igando, mo ránṣẹ́ sílé. Àwọn kan ní ó ti bá àwọn tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lọ. N kò rí i mọ́ títí dòní. Ìwé fírídọ́ọ̀mù tí mo gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n kò gbé e kọ́ ògiri rí.

Oko ẹ̀gẹ́ yẹn ti di ilé epo àti ilé ìtajà fóònù. Ọkọ̀ òde òní ń fọhùn bí èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ṣì ń so mọ́ ọ̀pá, bóòtù kan ṣoṣo ló ṣì ń dì í mú.

Mo ní kí Kọ́lá pa ọkọ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí, mo bá bóòtù tó ti dẹ̀, mo dè é. Nígbà tí mo jáde, ọmọ náà ti ń ṣọpẹ́, ó ti mú kọ́kọ́rọ́.

“Dúró. Wọ abẹ́ ẹ̀, kó o fọwọ́ ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Háà, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ dè é, kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò?”

“Nítorí pé èmi ni mo dè é.”

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń kùn sínú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró nínú oòrùn, mò ń yí sípánà lọ́wọ́, n kò lè jókòó.

“Ṣé ó wọ ojú ẹ̀?” ni mo béèrè.

Ohùn rẹ̀ ti abẹ́ ọkọ̀ wá. “Ó wọ ojú ẹ̀, Bàbá.”

Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ mu ẹ̀kọ mi. Ó ti tutù.