Oògùn Ọjọ́ Tí Bàbá Bá Dé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, kò sí ẹni tó ń pe nǹkan kan ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí nínú agbo ilé wa, ṣùgbọ́n a ní i. Bí obìnrin bá ti bímọ, yóò ká ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ, yóò lọ máa sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò fi sọ̀rọ̀, tí wọn yóò fi gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ òde òní, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá bàbá mi kì í sùn fọnfọn. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, yóò wúkọ́. Obìnrin tó bá sì gbé oyún lé ọmọ, ojú á máa tì í kiri àdúgbò, ti ọkọ rẹ̀ á sì burú ju tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ilé gbígbòòrò ni ètò yẹn wà fún. Nígbà tí bàbá mi di awakọ̀ lọ́rì tó ń kó ẹrù lọ sí Òkè Ọya, ó gba yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì kó wa lọ síbẹ̀. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́tìnì kan láàárín. Níbo ni ìyá mi fẹ́ ká ẹní lọ? Bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ nìyẹn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, wá fi òrùka kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí wọ́n ní obìnrin ń wọ̀ tí kì í fi í lóyún, ó sì kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ bá wà nílé nìkan ni kó máa wọ̀ ọ́. Bí a bá ti gbọ́ fèrè lọ́rì bàbá mi lójú títì báyìí, ìyá mi á wọlé lọ mú òrùka. Òrùka yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lóyún àbúrò mi obìnrin.

Ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ìyá láyé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá. Èmi ni àkọ́bí, mo rí àwọn aṣọ tí wọ́n ń kó jáde, ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí oyún mìíràn bá tún yára wọlé, àwọn ọmọ wọ̀nyí lè di ọmọ aláìníyàá. Nígbà tí ara ìyá mi le díẹ̀, ó fún un ní oògùn oníhóró kéékèèké nínú páálí, ó ní kó máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́.

Ìyá mi gbé oògùn náà sínú àpótí tí òrùka wà. Bí fèrè lọ́rì bá ti dún, á wọlé, á gbé hóró kan mì, á wá jáde wá kí ọkọ rẹ̀ káàbọ̀. Kì í ṣe pé ó gọ̀ o. Ó gbọ́ "lójoojúmọ́" yẹn dáadáa, àmọ́ ọgbọ́n òrùka ló ti wà lọ́kàn rẹ̀: kí lèèyàn ń gbé oògùn mì fún nígbà tí ọkọ wà ní Kánò?

Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, ó fà mí lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gba páálí náà, ó ṣí i wò, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Ìyá, èyí tó ṣẹ́kù yìí ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí bàbá wọn bá dé ni mo máa ń lò ó, mà."

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga mọ́ ìyá mi, ó ní: "Oògùn yìí kì í lé àtọ̀ ọkùnrin jáde o. Ara tiyín ló ń bá sọ̀rọ̀, pé kó má tú ẹyin sílẹ̀, kí omi ẹnu ilé ọmọ sì ki kí àtọ̀ má lè kọjá. Bí ẹ bá ti dá a dúró, ara á gbàgbé, ẹyin á jáde. Ara ò mọ̀ bóyá bàbá wà nílé àbí kò sí."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́, oyún ti dúró. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àbúrò mi ọkùnrin jáde, Ọlọ́run ló sì dá ìyá mi padà fún wa. Nígbà tó lè jókòó, ó pe bàbá mi, ó sọ ọ́ lójú ìyá àgbà: "Ọmọ wà. Ìyá ni kò ní sí. Mò ń lọ fi lúùpù sínú, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi dúró."

Ìyá àgbà ní nǹkan náà á rìn lọ sí ọkàn rẹ̀. Ìyá mi ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ṣáájú. Ó ní inú ilé ọmọ ni wọ́n ń fi í sí, òun ni kì í jẹ́ kí àtọ̀ rí ẹyin bá pàdé, bí èèyàn bá sì tún fẹ́ bímọ, wọ́n á yọ ọ́.  Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi tó sọ fún mi pé bàbá mi ń lo rọ́bà ìdáàbòbò títí di ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ilé ìwòsàn. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé ọjọ́ náà pé, ó sì fi lọ́rì rẹ̀ gbé e lọ. Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi kò lóyún mọ́. Ó tọ́ wa, ó tọ́ ọmọ wa, ó ń wọ sùtánà funfun lọ sí ìjọ Aládùúrà rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun bí aṣọ náà, kí Ọlọ́run tó pè é.

Ẹ gbọ́ ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ìgandò wá kí mi, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú Pọ́tákọ́ọ̀tì ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ fún mi, inú rẹ̀ sì dùn bó ṣe ń sọ ọ́, pé bí ọkọ òun bá ti wálé, òun á lọ ra oògùn pàjáwìrì tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbásùn ní kẹ́místì.

"Gbogbo ìgbà tó bá wálé?"

"Ẹ̀n, Màmá. Kí ni mo fẹ́ máa lo oògùn lójoojúmọ́ fún jàre, nígbà tí kò sí nílé?"

 Òrùka ìyá mi ni mo rí lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wé gèlè, mo ní kó pọn ọmọ rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń ráhùn lọ́nà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan bá yẹ̀ ni oògùn pàjáwìrì wà fún, pé kò lágbára tó èyí tó ń gbé nínú ara. Ó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó sọ̀rọ̀ lúùpù, ó ní rọ́bà nìkan ló tún ń dènà àrùn nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá tín-ín-rín kan jáde tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ apá, tí oògùn á máa jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ìyẹn ni ọmọ ọmọ mi yàn.

Ayé ti yí. Ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́ sínú àpótí láyé ìyá mi, ara ògiri ilé ìwòsàn ni wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ báyìí. Oògùn pọ̀; ẹni tó ń béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò pọ̀. Nítorí náà n kò ní dákẹ́. Gbogbo ọmọbìnrin ilé yìí tó ti wọlé ọkọ ni màá mú débẹ̀, kí wọ́n máa ráhùn nínú kẹ̀kẹ́ bó bá wù wọ́n.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, báńdéèjì wà lápá rẹ̀, ó bi mí léèrè: "Màmá, èyí wá ńkọ́, ọjọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ máa rántí?"

"Ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ nìkan," ni mo wí. "Bí ọkọ ẹ wà nílé, bí kò sí nílé, ó ń ṣiṣẹ́."

Mo sọ ọ́ sókè ketekete, kí ìyá mi náà lè gbọ́ ọ níbi tó wà.