Aláàtíkè, Ọmọ Bàbá Ọlọ́dà

"Àǹtí, nínú ojú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ìgbà ọyẹ́ àti ojú ìgbà òjò, èwo ni ẹ fẹ́ràn jù?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Aláàtíkè ló béèrè. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá kí i, ilẹ̀ ló máa ń wò dáhùn. Ó ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri lẹ́nu láti ìgbà tí Àǹtí rẹ̀ ti lẹ àwòrán ojú mẹ́ta mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí ó kọ orúkọ ìgbà kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ wọn. Àkókò tí ó wá gbóyà béèrè ni kò dára. Aláàtíkè fi eyín di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ó ti lẹ irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá mọ́ ojú ọ̀tún oníbàárà kan, ti ojú òsì sì wà lórí ìka rẹ̀ tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń gbẹ lọ. Òjò ń rọ̀ lórí páànù bí ẹni ń da òkúta sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo òjò, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Gbé dígí yẹn súnmọ́ mi," ni gbogbo èsì tí ó fún un.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Kò mọ èsì náà ni. Bí wọ́n bá sì fi dandan lé e lọ́sẹ̀ yẹn, ì bá sọ pé òun kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú wọn, òun fẹ́ lọ sùn.

Ilé ọlọ́dà ni wọ́n bí Aláàtíkè sí. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà, nítorí pé ó ń kun ilé, ó ń kun géètì, ó ń kun fèrèsé, kò sì sí aṣọ rẹ̀ kan, títí kan èyí tó fi ń lọ sóde, tí ọ̀dà kò kán sí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin yìí ló máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ó bá ti jáde ilé-ìwé. Ó ń di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, ó ń po ọ̀dà, ó sì ń kọ́ṣẹ́ láì mọ̀ pé òun ń kọ́ṣẹ́: pé a máa ń fọ ara ògiri kí a tó fọwọ́ kàn án, pé ti ìsàlẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ tẹ́ kí a tó kun ti òkè. Ó tún kọ́ pé ọ̀dà olómi máa ń dúdú sí i bí ó bá gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá ń pò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó funfun díẹ̀ ju bí òun ṣe fẹ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí ló bá a dé ibi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà, tí í ṣe ìyá ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn, ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ojú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bóyá ìfẹ́ ni, bóyá nítorí pé ẹni tó yẹ kó kùn ún ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá. Aláàtíkè fọ ojú náà dáadáa. Ó tẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ó wá yan àtíkè tó funfun ju àwọ̀ ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kí ó lè rí ààyè dúdú. Nígbà tí ó parí, ìyàwó wo dígí, ó béèrè ta nìyí.

"Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Aláàtíkè wí. "Kò tíì gbẹ ni."

Wọ́n gbé ìyàwó sí ojú fèrèsé kí ó lè gbẹ. Wọ́n dúró. Ọ̀rẹ́ ìyàwó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ìyá wọn ń wọlé wá wò ó, ó tún ń jáde, bí ẹni tó sá aṣọ sóòrùn. Mọ́tò tó ń dúró níta fọn fèrè títí ó fi sú u. Ojú kò dúdú. Bí ìyàwó ṣe jáde nìyẹn, ojú funfun báláú, ọrùn dúdú, bí ẹni tó ki orí bọ àpò ìyẹ̀fun. Ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe oníwàhálà, rọra bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà ní pálọ̀ wọn, ọmọ wọn sì dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ibà ló ń ṣe ìyá òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Bàbá Ọlọ́dà kò bínú. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́, ìlà rẹ̀ sì tọ́, àmọ́ kí ọmọ òun fi ènìyàn sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ògiri.

"Ògiri kì í làágùn," ló wí, "kì í sì í fọ ara rẹ̀ lálẹ́. Irú iṣẹ́ wo lèyí, tí ẹni tí a ṣe é fún yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù kó tó sùn?"

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí ló dun Aláàtíkè jù. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aṣaralóge kan tó le bí òkúta, tó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé kí ó yé dúró de ojú oníbàárà kó gbẹ. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àtíkè fẹ́lẹ́, kí òógùn má baà wọ́ ọ lọ sí àgbọ̀n. Nígbà ọyẹ́, kí a kọ́kọ́ fi òróró rọ awọ ara, kí a wá fi àwọ̀ bíi bàbà tí wọ́n dán sí ìpéǹpéjú, kí ojú má baà dà bí eérú. Nígbà òjò, tìróò tí omi kò lè wẹ̀ lọ, àti ètè pupa tó fẹ́ dúdú, nítorí pé ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì kiri ilé àwọn oníbàárà. Ó kun ojú ní etí bẹ́ẹ̀dì, ó kun ojú ní ilé ìdáná, ó ti kun ojú rí nínú mọ́tò tó ń lọ, tí onímọ́tò sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí àtíkè ta sí àga òun.

Yàrá ló kù tí ó ń wá. Yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀ dojú kọ títì, ṣùgbọ́n agolo ọ̀dà àti àkàsọ̀ ló ń gbé inú rẹ̀. Ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé kan tí kò lórúkọ, nítorí pé àṣẹ́kù ọ̀dà ilé oníbàárà lóríṣiríṣi ni Bàbá Ọlọ́dà dà pọ̀ tó fi kùn ún. Aláàtíkè bẹ bàbá rẹ̀ títí ó fi ní òun gbọ́. Òun yóò kó agolo òun sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ tàpólì títí òjò ọdún yẹn yóò fi dá. Bí oníbàárà bá ń fẹsẹ̀ ara wọn wá, tí wọ́n sì ń padà wá, yàrá di tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agolo yóò padà sílé, Aláàtíkè náà yóò sì lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa kọ rìsíìtì. Aláàtíkè ní òun kò mọ nǹkan kan nípa sìmẹ́ńtì.

"Àtíkè náà ni," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Omi ni wọ́n kàn fi ń pò ó."

Àárín òjò náà gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bi í ní ìbéèrè, nígbà tí ọ̀rọ̀ yàrá ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oníbàárà ń wá o. Wọn kì í kàn padà wá ni, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ wá jà. Nínú yàrá, gbogbo ojú tí Aláàtíkè bá kùn ló ń dára nínú dígí. Bí olúwarẹ̀ bá ti dé títì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á pọ́n wẹ̀. Obìnrin télọ̀ kan padà wá sọ pé ọkọ òun ti bọ́ ẹ̀wù, ó ní kí òun dárúkọ ẹni tó gbá òun létí, kí òun sì sọ ohun tí òun ṣe tó fi gbá òun ní tọ̀tún-tòsì. Tíṣà kan ní odidi kíláàsì òun ló dákẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde, nítorí wọ́n rò pé inú ń bí òun. Ìyẹn tiẹ̀ ní òun á tún wá lọ́jọ́ ìdánwò.

Aláàtíkè pààrọ̀ gílóòbù. Ó pààrọ̀ àtíkè. Ó lọ yẹ ojú ara rẹ̀ wò, dókítà ní ojú rẹ̀ mọ́ ju ti ológbò lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú bàbá rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Òjò kì í jẹ́ kí ọlọ́dà rí iṣẹ́ ṣe, nítorí náà Bàbá Ọlọ́dà gbé àga sí ìdí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ lẹ́rán. Bí oníbàárà bá wọlé, ó ń wò ó. Bí ó bá jáde, á na ọrùn tẹ̀ lé e dé títì. Nígbà míì á sọ fún un pé kó má kánjú, ti ìsàlẹ̀ kò tíì mú. Aláàtíkè gbà pé ńṣe ló ń kó ẹ̀rí jọ, kí ó lè rí ẹjọ́ rò nígbà tí òjò bá dá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òjò kò tíì ronú àtidá, ó jí, ó sì bá àga oníbàárà, dígí àti àpótí àtíkè rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú pa. Ó gbọ́ ìró agolo nínú rẹ̀, ó gbọ́ tí àkàsọ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ó jókòó sórí àga oníbàárà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ dígí rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì tí ó ń kọ rìsíìtì, tí eruku ti bo irun ìpéǹpéjú rẹ̀ títí dé agbárí. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá bàbá rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tí yóò ní ọ̀wọ̀ tí yóò sì tún dùn ún wọra, kò rí èyí tó lè ṣe méjèèjì. Ó bá dìde, ó kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Ọlọ́dà ṣí i. Ọ̀dà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá, òjò ò tíì dá," ni Aláàtíkè wí.

"Mò ń gbọ́ ọ lórí páànù," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Wọlé, kí o pa ilẹ̀kùn dé. Afẹ́fẹ́ tútù ò dáa fún un."

Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì ògiri ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di funfun.

"Ògiri mi ló ń purọ́ fún ọ," ni Bàbá Ọlọ́dà wí, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. "Àwọ̀ rẹ̀ ló ń tàn sí wọn lójú. Ìwọ á rò pé ara wọn ò yá, wàá máa fi pupa wò wọ́n sàn."

Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fura, ó kàn fẹ́ kó dá òun lójú ni. Ìdí tí òun fi ń na ọrùn tẹ̀ lé oníbàárà nìyẹn: òun ń wo ojú kan náà nínú ilé, òun tún ń wò ó níta. Aláàtíkè fọwọ́ kan ògiri tútù náà. Ọkùnrin yìí ti lé olówó padà rí nítorí pé ó fẹ́ kun ilé lásìkò òjò. Ó máa ń sọ pé ọ̀dà tí kò bá gbẹ dáadáa, ẹni tó kùn ún ló ń dójú tì.

"Kò ní í gbẹ, Bàbá," ni Aláàtíkè wí.

"Mo mọ̀. Lọ mú abẹ̀bẹ̀ wá."

Wọ́n fẹ́ ògiri náà títí di ọ̀sán, bàbá lápá kan, ọmọ lápá kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà wá kí wọn. Ó yọjú, ó rí àgbàlagbà méjì tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ògiri pẹ̀lú gbogbo ara, ó rántí ojú fèrèsé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì padà sílé láì béèrè ohunkóhun.

Nígbà tí ògiri náà wá gbẹ, ó ní àbàwọ́n gbàǹgbà kan lókè níbi tí ọ̀rinrin ti bá a, irú iṣẹ́ tí Bàbá Ọlọ́dà ì bá sẹ́ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó jáde nínú yàrá náà ni ojú tó dé títì. Télọ̀ tún wá. Ọkọ rẹ̀ kò rí ẹni bá jà mọ́. Tíṣà tún wá, ó sì ráhùn díẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń pariwo. Òjò dá. Aláàtíkè ń retí kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ agolo, bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́. Ó kàn ra tàpólì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ wá oníbàárà lọ́nà tirẹ̀. Bó bá kun ilé ẹnìkan tán, á wo ìyàwó ilé dáadáa, á ní, Màdáámù, ògiri yín ti jọ̀lọ̀, ó ku ojú yín. Àwọn kan lé e jáde. Àwọn yòókù wá.

Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá Ọlọ́dà kò gun àkàsọ̀ mọ́; àga ìdí ilẹ̀kùn nìkan ló kù tí ó ń gùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Aláàtíkè dé kíláàsì àṣekágbá, ó sì wá kí Àǹtí rẹ̀ kun ojú òun fún fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ bi í nílé bóyá ó dá a lójú. Òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà mìíràn. Àǹtí rẹ̀ fọ ojú náà, ó tẹ́ ti ìsàlẹ̀, ó bi í pé irú ojú wo ló ń fẹ́. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní èyí tí Àǹtí bá fẹ́ràn jù náà ni.

Aláàtíkè dáwọ́ dúró. Ó wo ìdí ilẹ̀kùn, níbi tí Bàbá Ọlọ́dà ti sùn lọ lórí àga, tí ó la ẹnu sílẹ̀, tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti bọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà jí i.

"Ojú ìgbà òjò," ló wí. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà ọyẹ́, gbogbo ayé ló ń rí iṣẹ́ mi. Nígbà tí bàbá mi ṣì ń kun ilé, ìgbà òjò nìkan ni kì í ríbi lọ, tí ó ń jókòó wò mí."