Gẹ̀ẹ́sì Ìdí Òfì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Kàbà, kò sí ohun tí mo bẹ̀rù tó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan: "so" àti "that". Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí wọn. "So" á ṣáájú ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, "that" á tẹ̀lé e, ká lè mọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Iṣu gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò gbà á. Ó rọrùn ní Yorùbá. Lẹ́nu tèmi, bí mo bá ti pe "so hot" báyìí, ahọ́n mi á dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sínú omi.

Ántí Mọ̀pà, tó ń kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ á kúnlẹ̀ nídìí pátákó, á na ọwọ́ sókè, òórùn ẹ̀wà àwọn olóúnjẹ ìta á sì máa wọlé wá fi kún ìyà rẹ̀. Orúnkún mi mọ ilẹ̀ yẹn dáadáa. Lópin ọdún, oníkálukú ní láti dúró níwájú hẹdimásítà, kó sọ gbólóhùn tirẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lójú pátákó. Ẹni tó bá kùnà kò ní lọ sí kíláàsì kẹfà. Bàbá mi, tó ń dáko ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ́, sì ti ránṣẹ́ pé tí mo bá tún kíláàsì kà, kí n kúkú jókòó ti òfì tí ìyá àgbà fi ń hun aṣọ. Mo fẹ́ràn òfì o, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni mo fẹ́, mo sì pinnu pé kò sẹ́ni tó máa yọ mí níbẹ̀.

Tí mo bá ti pọnmi, tí mo gbálẹ̀, tí mo sì jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo, ìdí òfì ìyá àgbà ni màá jókòó sí, màá máa ká òwú, màá máa da Gẹ̀ẹ́sì rú. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ṣùgbọ́n bí òwú bá já lójú òfì, kì í fò ó. Á tú ohun tó ti hun padà dé ibi tó ti já, á ta á ní kókó, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣọ́ òwú náà ló ṣe ń ṣọ́ ẹnu mi. Bí mo bá ti há, kò tilẹ̀ ní wẹ̀yìn.

"Ó já níbẹ̀ yẹn. Tú u padà."

Mo sunkún, mo bínú, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ó ní kí n fi ọ̀fun tó ń dùn mí náà tú u padà.

Ọjọ́ náà pé. Mo dúró níwájú hẹdimásítà, mo bẹ̀rẹ̀, ó já. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Hẹdimásítà ní kí n lọ jókòó. N kò jókòó. Mo wí fún un ní Yorùbá pé, "Mò ń tú u padà, sà," mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún já. N kò kúrò lójú kan. Ìgbà tó yá ni gbólóhùn náà jáde gbọọrọ: "My grandmother's thread is so strong that it cannot break." Ántí Mọ̀pà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Hẹdimásítà ní kí n máa lọ sí kíláàsì kẹfà.

Mo sáré délé. Ìyá àgbà kí mi bí a ṣe ń kíra ní Kàbà, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Kí lo wá sọ fún wọn?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un pé òwú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè já. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Irọ́ lo pa fún wọn. Òwú mi ń já dáadáa. Èmi ni n kì í jẹ́ kó já gbé."

Lónìí, fóònù àwọn ọmọ mi ló ń parí gbólóhùn fún wọn kí wọ́n tó ronú kàn án. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń yọ̀ geere, inú mi sì ń dùn sí i. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ nídìí pátákó mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Bí ọmọ kan bá há ní kíláàsì mi, tí àwọn yòókù fẹ́ rẹ́rìn-ín, màá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wa á dákẹ́, a ó dúró dè é. Màá wá sọ fún un pé, "Má jókòó. Ó kàn já níbẹ̀ yẹn ni. Tú u padà."