Omi Àjíǹde Inú Ìkòkò Dúdú

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí ìsìn parí, katikísì wa ní Bantè dìde, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu omi mímọ́ inú àgbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì fún ọmọdé mu mọ́. Ó ní àwọn ọmọ kan ti dùbúlẹ̀ àìsàn nítorí rẹ̀. Ó ní ká fi ṣe àmì àgbélébùú, ká fi wọ́n ilé, ṣùgbọ́n ká má gbé e mu. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi pòṣé. Ó ní, "Ìgbàgbọ́ ti tán nílẹ̀ yìí. Omi Ọlọ́run ló wá di májèlé." Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mi orí pé òótọ́ ni.

Mi ò yíjú padà, ṣùgbọ́n ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, láti ẹnu ẹni tí mo fẹ́ràn, ní ọjọ́ tí ọmọ mi fẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Nígbà tí àwọn ọdún 1950 wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé àwọn fádà, láti Savalou wá sí Bantè. Àkọ́bí wa, ọmọbìnrin, kò tíì máa rìn nígbà náà. Kànga tó wà nítòsí ilé ìwé máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó sì lọ máa gbẹ́ iyanrìn etí odò títí omi yóò fi sun jáde, omi tó pọ́n bí ògì ọkà bàbà. Mo máa ń ṣẹ́ aṣọ funfun po, màá fi sẹ́ ẹ nítorí sóbìà, lẹ́yìn náà màá sè é. Àwọn sístà tó kọ́ mi ní ilé ìwé girama ló fi í hàn mí: kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, kí o sè é, kí o dé e. Mi ò fò ó ní ọjọ́ kan rí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá kán sí mi lẹ́nu, màá tu ú sínú ìkòkò kí n lọ gbé e kaná.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní Savalou, kò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń se gbogbo omi kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, àti Ọlọ́run pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Savalou ní Sátidé Mímọ́, ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde. Òwúrọ̀ ni ìsìn náà nígbà yẹn, wọn kò tíì gbé e lọ sí alẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan á bu omi wá láti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi: ti kànga, ti odò, ti àbàtà oko. Wọ́n á dà á pọ̀ sínú àwọn ìkòkò ńlá tó wà níwájú pẹpẹ. Fádà á súre sí i, lẹ́yìn náà ilé kọ̀ọ̀kan á tún bu tirẹ̀ lọ sílé, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Ohun tó dùn mọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ omi ta ni èyí mọ́. Omi olówó àti omi aláìní, ti àwọn tó wá láti Tchetti àti ti ará ìlú, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Nínú omi yẹn ni fádà ti bù dà sórí ọmọ mi lọ́dún náà, tó fi di ọmọ Ọlọ́run. Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sunkún náà ni mo ń wo ìkòkò, tí mo ń bi ara mi pé odò wo ni wọ́n ti pọn èyí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé díẹ̀ ní Bantè. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wọ̀. Ó fi ìgò ńlá kan há àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti Savalou, kò jẹ́ kí ọmọ ọkọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi Àjíǹde ló wà nínú rẹ̀. Ó dà á sínú ìkòkò dúdú kékeré kan, ó gbé e sí igun yàrá rẹ̀, ó sì ń bu ṣíbí kan fún ọmọ láràárọ̀ kí ó tó mu ọmú. Ọjọ́ tí mo ká a mọ́ ọn, mo gbé ìkòkò náà lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn nǹkan tíntìntín kan ń ta nínú omi náà.

"Màmá, ẹ wò ó. Nǹkan abẹ̀mí wà nínú omi yìí."

Ó tẹ̀ ba, ó wò ó dáadáa. "Bí ó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìbùkún ti kan òun náà."

"Ẹ jẹ́ kí n sè é."

"Sè kí ni? Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé ẹ̀fọ́ ni? Ta ní ń se ìbùkún?"

Ọkọ mi, tó ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má jókòó pẹ́ níwájú rẹ̀ o. Ó lè gbé ẹ̀yin náà kaná." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣu. Ìgbẹ́ náà ń jáde bí omi ìrẹsì, ó sì ń bì. Ní òwúrọ̀ kejì, ó kọ ọmú. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọlé bí ibi tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀. Mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ó ń sunkún, omijé kò sì jáde. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ sí ilé ìtọ́jú. Ìyá ọkọ mi kò bá mi lọ. Ó ní òun yóò dúró gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ojú ọmọ, ó wo ẹnu rẹ̀, ó bi mí pé omi wo ló ń mu. Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ọmọ, ó wò mí.

"Ìyá ọmọ, omi ló ń tán lára rẹ̀, omi náà ló sì máa gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn. Ẹ se omi, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí i, kó máa mu ún ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, ẹ tún fún un. Ẹ má dáwọ́ dúró. Bó bá tún mu nínú ìkòkò yẹn láìsè é, ẹ má gbé e padà wá bá mi. Ẹ gbé e lọ bá fádà."

Ó fún mi ní oògùn pélébé inú bébà. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Ìyá ọkọ mi gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e sórí ẹsẹ̀. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un, mo sì jáde lọ dáná. Nígbà tí mo padà wọlé wá mú kẹ́tùlù, ó ti bu omi ìkòkò dúdú sínú ife tánganran, ó ń gbé e lọ sí ẹnu ọmọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nílé tiwa, mi ò tíì rí ìyàwó tó fọwọ́ kan ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi náà ń mì nínú ife.

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

"Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ gbé ife sílẹ̀."

"Omi tó sọ ọ́ di ọmọ Ọlọ́run, òun náà ni yóò pa á?"

"Orí rẹ̀ ni wọ́n dà á sí, Màmá. Wọn kò dà á sí i lẹ́nu."

"Ẹnu kò sí lára orí ni?"

Ọkọ mi ti ilé ìwé wọlé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká dúró kí fádà dé, ká bi í."

Mo ní, "Savalou ni fádà wà. Wo orí ọmọ rẹ." Ó tẹ̀ ba, ó rí àwùjẹ̀ tó jìn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà náà ni ohùn ìyá rẹ̀ rọ̀. Kò pariwo mọ́. "Mẹ́rin ni mo sin kí n tó mọ omi yìí," ló wí. "Mẹ́rin. Èyí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn ni mo kọ́kọ́ fún mu, òun náà nìyẹn, ó ti hu irùngbọ̀n. Kí n wá fi ohun tó dá a sí fún mi sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí kò mọ orúkọ mi?"

Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé agídí ló ń ṣe. Mo wá rí i pé ẹ̀rù kan náà ló ń bà wá, ti ọmọ kan náà. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbé ife náà lọ sí ẹnu ọmọ, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Màmá," mo wí, "lọ́jọ́ Sátidé Mímọ́ yẹn, kí ni fádà tì bọ inú omi kó tó dà á sórí rẹ̀?"

Ó ronú. "Àbẹ́là Àjíǹde."

"Ṣé ó ti kú ni, àbí ó ń jó?"

"Ó ń jó."

"Iná àti omi pàdé níwájú pẹpẹ nígbà náà. Ṣé ìbùkún sá lọ?"

Ìdí àbẹ́là ló wọ inú omi, kì í ṣe ibi tó ń jó. Mo mọ̀, òun náà sì fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní, "Iná àbẹ́là nìyẹn. Iná igi ni tìrẹ."

"Ta ló dá méjèèjì, Màmá?"

Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò dúdú náà. Mo na aṣọ funfun sẹ́nu kẹ́tùlù, òun fúnra rẹ̀ ló da omi Àjíǹde gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó ṣẹ́ kù sórí aṣọ, ó rí i, ó yíjú kúrò. Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú iná, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn.

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti tó?"

"Bó bá ti ń hó kùù, ẹ ka àdúrà mẹ́wàá nínú rósárì, kí ẹ tó sọ̀ ọ́."

Gbogbo rósárì náà ló kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní èdè Mahi, èdè ìlú rẹ̀, tó máa ń fi gbàdúrà bí ẹ̀rù bá bà á. Nígbà tó fi sọ kẹ́tùlù, omi náà kò kún ife méjì mọ́. Mo ń dà á láti inú ife kan sí èkejì kó lè tutù. Mo fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, mo sì fún ọmọ ní ṣíbí kan. Ó bì í. Mo dúró díẹ̀, mo fún un ní òmíràn. Ó tún bì í.

"Ṣé o rí i?" ìyá ọkọ mi wí. "Kò dúró. Iná ti lé agbára rẹ̀ lọ."

"Ẹ gba ṣíbí, Màmá. Ẹ bá mi fún un."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ṣíbí. Ó fún un, ó dúró, ó fún un. Oòrùn kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó dé ara ògiri. Ọkọ mi lọ pọn omi mìíràn, ó sẹ́ ẹ, ó sè é, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ọmọ ń lọ sókè, ó ń padà. Mo ń fọwọ́ kan ìledìí rẹ̀ ṣáá. Gbígbẹ ni.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi kígbe. Mo rò pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo sáré wọlé.

"Ó tọ̀ sí mi lára!" Ó na ìró rẹ̀ sókè kí n rí i. "Ìyá mi, tọ̀ ọ́ sí i! Tọ̀ ọ́ dáadáa! Ìró náà ti gbó tẹ́lẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ọkọ mi sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù náà.

Ọmọ náà kò yára gbádùn. Ó pẹ́ kó tó lè jókòó fúnra rẹ̀ padà, mi ò sì sùn fọkàn balẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ti ń lọ ilé ìwé báyìí. Ìyá ọkọ mi kò sọ fún mi rí pé mo jàre. Àmọ́ nígbà tí Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ó se omi tirẹ̀ nílé kó tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Savalou. Àwọn obìnrin rí i pé èéfín ti mú ìkòkò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe ẹlẹ́yà. "Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀kọ lẹ fẹ́ rò fún fádà ni?" Ó ní, "Ẹ gbé tiyín wá, ká rò ó pọ̀." Wọ́n ṣì da omi rẹ̀ mọ́ ti gbogbo ayé. Nígbà tó bu tirẹ̀ padà dé ilé, ó tún gbé e kaná.

Mi ò kọ èyí láti fi ta ko omi mímọ́. Mo ń fi ṣe àmì àgbélébùú láràárọ̀, mo sì ń fi sí àwọn ọmọ mi níwájú orí kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n Olúwa wa fúnra rẹ̀ jókòó létí kànga nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí obìnrin kan fún òun lómi mu. Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ rí mọ̀ pé ara pẹ̀lú ń fẹ́ omi, omi tó mọ́. Ẹni tó fún wa ní ẹ̀mí ọmọ ló fún wa ní ikùn rẹ̀, ọwọ́ wa ló sì fi méjèèjì sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ gba ọ̀rọ̀ katikísì gbọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ yín mu nínú omi Àjíǹde dandan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa, ẹ dé e. Bí ọmọ bá ń ṣu tó sì ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.