Ìyá Ará Dẹ́nmáàkì Tó Yọ Kọ́kọ́rọ́ Lójú Ilẹ̀kùn

Ohun tí Birthe kórìíra ní erékùṣù Gozo pọ̀, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kórìíra àgbá tí wọ́n ń yìn ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nítorí ọdún ẹni mímọ́ abúlé, bí ẹni pé ẹni mímọ́ náà dití. Ó kórìíra ọ̀rinrin inú ògiri òkúta nígbà òtútù, tí bàtà ẹni á fi hu irun funfun bí arúgbó. Ó kórìíra àwọn ọdẹ tó ń yìnbọn fún ẹyẹ tí kò tó ẹnu ológbò. Èyí tó wá kórìíra jù lọ ni ti kọ́kọ́rọ́. Ní àdúgbò wọn, ìta ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé lójú ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí aládùúgbò má baà ṣe wàhálà ilẹ̀kùn kíkàn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á yí i, á wọlé, á sì béèrè ohun tí o ń sè.

Ohun tó fẹ́ràn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi ṣeré: búrẹ́dì Wistin, oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, wàrà àgùntàn gbígbẹ tí wọ́n fi ata dúdú bò, oòrùn oṣù Kejìlá, àti òkun. Òun àti Ejnar ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá láti Dẹ́nmáàkì lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ejnar kú, wọ́n sin ín síbẹ̀, Birthe ò sì padà sílé. Bí èèyàn bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní nítorí oòrùn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ ọdún ẹni mímọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀. Jeppe, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti rí ilé kan fún un ní Aarhus, òpópónà kejì sí tirẹ̀. Onílé ń fẹ́ èsì. Jeppe ní òun ò ní gba èsì náà lórí fóònù, òun máa wá fúnra òun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Birthe ò tíì mọ ohun tó máa sọ. Bí ó bá jí láàárọ̀, á pinnu pé òun ń lọ. Tó bá di ọ̀sán, á ní òun ò lọ mọ́. Kò tilẹ̀ ráyè ronú, nítorí Marjanna.

Marjanna ni opó tó ń gbé ní òdìkejì, ó sì fi díẹ̀ ju Birthe lọ lọ́jọ́ orí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó wọlé.

"Kí lo jẹ?"

"Ẹyin."

"Ẹyin nìkan? Ta lo ń bá jà?" Ó ṣí ìkòkò. "Kí lèyí?"

"Ọbẹ̀ ọ̀dùnkún."

"Ẹni tó sè é ló mọ̀." Ó dé ìkòkò padà. "Ọmọ ẹ ń bọ̀ lónìí. Ó fẹ́ mú ẹ lọ."

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"O máa ń pariwo lórí fóònù. Mi ò gbọ́ èdè yín, àmọ́ ìyá tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ mú lọ, mo mọ bó ṣe máa ń dún. Ṣé o ń lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀, Marjanna. Jẹ́ kí n ronú."

"Máa ronú, ta ló dí ẹ lọ́wọ́?" ni Marjanna wí, ó sì fa àga, ó jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi Jeppe máa dé. Nígbà tí Birthe jẹun ọ̀sán tán, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò níta, ó ti ilẹ̀kùn láti inú, ó fi òwú dí etí nítorí àgbá, ó gòkè lọ dùbúlẹ̀, kó lè ronú bí èèyàn. Ohun tí kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ẹnì kan lè wà láyé tí kò mọ̀ ọ́n, ni pé nǹkan méjì péré ló ń mú wọn yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án ní àdúgbò yẹn: kí onílé rin ìrìn àjò, tàbí kó kú. Gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé Birthe ò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibì kankan lọ́jọ́ náà.

Kò rí nǹkan kan rò. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó la ojú, Wistin oníbúrẹ́dì ló dúró níwájú ibùsùn, eruku kún orí rẹ̀, ó di fìlà mú mọ́ àyà. Òrùlé ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì so mọ́ra. Ibẹ̀ ló gbà wọlé.

"Màmá," ni Wistin wí, "ṣé ẹ ti kú ni?"

Birthe yọ òwú kúrò létí. "Kí lo wí?"

"Mo ní ṣé ẹ ti kú."

"Rárá."

"Ó dáa." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún wọn nísàlẹ̀. Wọn ò ní gbà mí gbọ́."

Birthe sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìdajì abúlé ló wà níta. Marjanna ló ṣáájú, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó gbé ìkòkò lọ́wọ́. Láàárín wọn, lórí àga tí ẹnì kan gbé wá, Jeppe jókòó pẹ̀lú àpò lórí itan, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ọkọ̀ tó ṣáájú ló bá wá. Ẹnì kan ti ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó rí ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún.

"Ta ló ń yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí kò tíì kú?" ni Marjanna bi í.

"Mo fẹ́ sinmi ni."

"Ṣé orí kọ́kọ́rọ́ lo máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀ ni?" Ojú Marjanna pọ́n, ó hàn pé ó ti sunkún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Birthe kọjá lọ sí ilé ìdáná. "Ọbẹ̀ ọ̀fọ̀ ni mo sè. Ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sì jẹ ẹ́. Àwọn tó jókòó ò tètè dìde. Wọ́n bi Jeppe léèrè iye owó oṣù rẹ̀ àti ohun tó dé tí kò fi gbéyàwó, Birthe sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan kún un. Nígbà tí ilé dá, ó ku ìyá àti ọmọ.

"Mo kórìíra bí wọ́n ṣe máa ń wọlé yẹn," ni Birthe wí.

"Ní Aarhus, kò sẹ́ni tó máa wọlé bá yín, Màmá. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ilé mi, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń polówó ọjà.

Birthe gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ti ara rẹ̀ nìkan ló ń rò. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá bà á nítorí ọmọ rẹ̀.

"Tí o bá ṣubú nínú ilé yẹn, ta ló máa mọ̀?"

Jeppe ro ó dáadáa. "Wọ́n á mọ̀ níbi iṣẹ́. Tí wọn ò bá rí mi lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á pè mí."

"Tó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lo ṣubú ńkọ́?"

Jeppe ya búrẹ́dì. Birthe sọ fún un pé òun ò lọ, kó ní kí onílé wá ẹlòmíì. Jeppe gbà, kò bá a jiyàn. Ó fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo rẹ̀ títí ó fi mọ́.

"Màmá."

"Kí ni?"

"Ẹ máa pè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."